Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú oko olóko kọjá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ṣé èèyàn lè gbà á láìtọrọ ààyè?

Tísà_Fẹ̀yìntì (Táńkẹ̀, Ìlọrin)

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ forí jì mí bí ìbéèrè yìí bá gùn. Tísà ni mí, ẹnu tísà kì í tètè pa dé.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, Táńkẹ̀ ni mò ń gbé níbí ní Ìlọrin, mo ti pé ọdún 67. Ọmọ mi obìnrin ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù o, abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Edale ni, láàárín Manchester àti Sheffield. Físà mi ti jáde. Oṣù kẹfà ni mò ń lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fẹ́ lò. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ di agbádá wá, bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ rà. Ìrìn la ó máa rìn."

Ìrìn kò bà mí lẹ́rù. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ló bà mí lẹ́rù. Òpó igi kan dúró, pátákó pẹlẹbẹ kan wà lára rẹ̀, ó nawọ́ sínú pápá kan. Àgùntàn ń jẹko nínú pápá náà, ògiri òkúta yí i ká, ilé olóko sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi í pé ta ló nilé yẹn. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ta ló wá fún yín láṣẹ kí ẹ máa gba inú oko rẹ̀ kọjá? Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ àṣẹ níbẹ̀, ọ̀nà ni. Mo tún fọ́tò náà wò, mo fẹ̀ ẹ́ títí. N ò rí ọ̀nà kankan. Koríko ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí. Láti ilé wa dé oko bàbá mi nígbà náà, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni, oko èèyàn méje la sì ń gbà kọjá. Bàbá mi kọ́ wa pé bí a bá ti dé etí oko olóko, ká ké "Ẹ kú oko o!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí a ò tilẹ̀ rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dákẹ́ kọjá, olè ni, tàbí kó jẹ́ pé ó wá ri nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ebi bá pa ọ́, o lè wa iṣu kan, kí o sun ún, kí o jẹ ẹ́ níbẹ̀, kí o fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lójú eérú kí olóko lè rí i. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ gbé ẹyọ kan relé. Òfin wa nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti gbé níbẹ̀ rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Kí ló sọ koríko olóko di ọ̀nà? Bí olóko bá yọ sí mi ńkọ́, pẹ̀lú àwọ̀ mi yìí àti ọ̀pá lọ́wọ́ mi? Orúnkún mi ọ̀tún sì ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo gun Ṣóbi lọ́dún méjì sẹ́yìn, gígùn rẹ̀ rọrùn, sísọ̀ rẹ̀ ni mo fi ìdí ṣe.


Ọmọ_Ọ̀fà_Sheffield

Bàbá Tísà, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ọdún kẹsàn-án mi nìyí ní Sheffield. Ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ wa dé Edale kò tó wákàtí kan, àwa mẹ́rin kan sì wà tí a máa ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé, ọmọ Ọ̀fà méjì, ọmọ Ìgbájà kan, àti ará Pólándì kan tí a ti kọ́ ní "Ẹ kú ìrìn".

Ọmọ yín kò parọ́. Ilẹ̀ yẹn, ti olóko ni. Ọ̀nà tó wà lórí rẹ̀, ti gbogbo ayé ni. Bí ó bá ta ilẹ̀ náà lọ́la, tòun tọ̀nà ni ẹni tó rà á rà á. Kò lè fi ògiri dí i, kò lè gba owó lọ́wọ́ yín, kò sì lè bi yín pé níbo lẹ̀ ń lọ. Ohun tí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ sí náà kò ju pé kí ẹ kọjá: ẹ lè dúró mí, ẹ lè wo ojú ilẹ̀, ẹ lè jókòó jẹ ohun tí ẹ gbé dání. Kò sí pé ẹ ń wa iṣu o!

Ibi tí ẹ̀tọ́ yẹn ti wá ló máa dùn mọ́ yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà yìí, ẹsẹ̀ àwọn baba wọn ló là á: ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ní 1949, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn káńsù ya gbogbo ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí máàpù. Èyí tó bá ti bọ́ sórí máàpù yẹn, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1980 tún sọ pé bí àwọn èèyàn bá ti ń gba ibì kan kọjá fún 20 ọdún gbáko, láìyọ́ kẹ́lẹ́ gbà á, láìtọrọ ààyè, tí olóko kò sì fi hàn pé òun kò gbà, a jẹ́ pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa: níbẹ̀, bí ẹ bá ń tọrọ ààyè, ẹ̀tọ́ yín gan-an lẹ̀ ń bà jẹ́. Ó yí padà sí ti bàbá yín pátápátá.

Àmì tí ẹ máa wò nìyí. Ọfà àwọ̀ ìyeyè, ẹsẹ̀ nìkan ló wà fún. Èyí tó jẹ́ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ lè gbà á pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá rí àwòrán èso igi kékeré kan tó dé fìlà, ọ̀nà jíjìn ti ìjọba nìyẹn. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nínú abúlé tí ẹ ń lọ yìí gan-an, Pennine Way ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣí i ní 1965, ó gùn tó 430 kìlómítà, Scotland ló parí sí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín tàn yín débẹ̀ o.

Ẹ ra máàpù oníwèé. Explorer OL1 lẹ máa béèrè, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Gbogbo ọ̀nà tí mo ń sọ yìí ni wọ́n fi ìlà aláwọ̀ ewé já-já-já ya síbẹ̀, títí kan èyí tí ẹ fẹ̀ ní fọ́tò tí ẹ ò rí. Fóònù dára, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ láàárín àwọn òkè yẹn bíi ti ọ̀nà Babanlá. 

Nípa àwọ̀ yín, n kò ní tàn yín. Wọ́n á wò yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwò "ṣé ẹni yìí wọ bàtà tó tọ́?" ni. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn, wọ́n á dáhùn. Lórí òkè níbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá pàdé ara wọn ló ń kíra, àwọn kan náà tí wọn ò ní wojú yín nínú bọ́ọ̀sì Sheffield.


Ará_Gaa

Tísà, ẹni tó sọ̀rọ̀ tán kò sọ ti màlúù. Inú gaa ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn Ìlọrin níbí, mo sì ti ṣiṣẹ́ oko wàrà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì, nítorí náà ẹ gbọ́ tèmi.

Màlúù tiwọn kò ní darandaran lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Níbí, bí ẹran bá kọjú sí ọ, ọmọ kékeré kan á kàn súfèé, ó parí. Níbẹ̀, ẹ̀yin àti wọn nìkan lẹ wà nínú pápá. Abo tó ní ọmọ lẹ́yìn ni kí ẹ bẹ̀rù, ẹ má bẹ̀rù akọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá láé. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yí wọn po, bó tilẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, kí ẹ tún padà sójú ọ̀nà níwájú. Ẹ má sáré. Bí ọmọ yín bá ní ajá, kí ó so ó mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n bí màlúù bá gbá tẹ̀ lé yín, kí ó jọ̀wọ́ ajá náà kíá, ajá ni màlúù ń lé, ajá á sá yọ. Ẹni tó bá di ajá mú ni màlúù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Géètì: bí ẹ bá bá a ní títì, ẹ tì í. Bí ẹ bá bá a ní ṣíṣí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi ni ẹran ń gba ibẹ̀ lọ mu. Ibi tí kò bá sí géètì, wọ́n á ti ri igi mọ́ ara ògiri bí àtẹ̀gùn, ẹ gun un, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ má gun ògiri fúnra rẹ̀! Wọn ò fi sìmẹ́ǹtì lẹ àwọn òkúta yẹn, ó máa wó, olóko á sì bínú, ẹ̀tọ́ ni.

Ohun kan tún wà. Edale yẹn kì í ṣe abúlé kan ṣoṣo. Márùn-ún ni wọ́n, "booth" sì wà lára orúkọ wọn: Upper Booth, Barber Booth, Nether Booth, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín á fi hàn yín lára pátákó. Ibùdó àwọn tó ń tọ́jú màlúù láyé àtijọ́ ni "booth". Gaa ni. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí pé ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú ẹni tó ti inú igbó wá ni wọ́n fi ń wò mí.


Olóòtítọ́_Ìgbómìnà

Mo kí gbogbo yín. Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń rówó ra bàtà rìn nínú oko òyìnbó. Ọ̀wù ńkọ́? Omi tó ń já láti ibi tó ju 100 mítà lọ, ní Ọ̀wá Kájọlà, nínú Kwara wa níbí. Mélòó nínú yín ló ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ dé? Èwo ni gíga ti òyìnbó ní Edale?


Ọmọ_Ọ̀fà_Sheffield

Ọ̀gá mi, wọ́n ní omi tó ń já níbẹ̀ náà, Kinder Downfall, bíi 30 mítà. Ọ̀wù gùn ún lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ọ̀wù kò lè ṣe: bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn gidi, ó máa ń gbá omi yẹn padà sókè bí èéfín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè lẹ máa tutù. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa dákẹ́.

Ọ̀wù náà, mo ti dé ibẹ̀ ní 2011, nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. A fi ọ̀kadà dé ẹ̀bá, a fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ló yẹ ká bi léèrè: ẹ ṣì ń lọ?


Olóòtítọ́_Ìgbómìnà

Ó ti pẹ́. Ṣé ìwọ náà kò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni? Àwọn ajínigbé ti sọ igbó dìdàkudà. Àbúrò mi ní oko kòkó tí kò dé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹnu ọ̀nà oko ló ń dúró sí kí àwọn fijilanté tó bá a wọlé. Ọ̀nà oko tí Tísà ń sọ yẹn, àwọn oko méje yẹn, kì í ṣe olóko ló dí i. Koríko ló dí i nítorí pé ẹsẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Inú ló ń bí mi, ìyẹn ni mo fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tísà, ẹ lọ rìn. Ẹ bá mi rìn.


Tísà_Fẹ̀yìntì (Táńkẹ̀, Ìlọrin)

Ará mi, mo gbọ́. N ò ní fèsì sí ìyẹn lórí ibi yìí, màá pè yín.

Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ dáhùn àkọ́kọ́, ẹ ṣeun. Mo ti ka ti màlúù sétí ìyá àwọn ọmọ mi, ó ní kí n má lọ mọ́. Ìbéèrè mi ku díẹ̀. Àkọ́kọ́: kí ni olóko ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ ro ilẹ̀ tí ọ̀nà yẹn là kọjá? Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ, n ò lè má béèrè. Ìkejì: ìrun. Mo wo fóònù, ó ní oòrùn á máa wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá 40 ìṣẹ́jú lálẹ́ ní oṣù kẹfà. Aago mẹ́sàn-án! Ìgbà wo ni mo fẹ́ kí Màgàríbì, ìgbà wo ni mo fẹ́ sùn?


Ọmọ_Ọ̀fà_Sheffield

Tí ọ̀nà bá gba àárín oko kọjá, ó lè ro ó, àmọ́ ó ní ọjọ́ 14 péré láti tún un ṣe kó ṣeé rìn, kó sì tó mítà kan ní fífẹ̀. Èyí tó bá gba etí oko, kò gbọdọ̀ ro ó rárá. Mo ti rin àárín ọkà rí tí ọ̀nà là geere bí ìpín irun.

Ti ìrun, ẹ má gbàgbé pé kò sí ìlà-oòrùn tí ẹ mọ̀ níbẹ̀. Láti Ìlọrin, ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá la ń kọjú sí. Láti Edale, ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn ni. Ẹ lo kọ́ńpáàsì. Mo máa ń kírun lẹ́yìn ògiri òkúta, ó ń dí atẹ́gùn. Búùtà kékeré nínú báàgì, ẹní tín-ínrín kan, ó tán. Lẹ́ẹ̀kan, àgùntàn 11 dúró lẹ́yìn mi ní sáfù. Mo kà wọ́n nígbà tí mo sálámà.


Nọ́ọ̀sì_Àgbà_Àjàṣẹ́

Ẹ n lẹ́ o, Bàbá. Orúnkún yín ni mo bá wá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Derby ni mo wà lọ́dún tó kọjá, a sì lọ sí Edale lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀pá méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ ké e kúrú; bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ fà á gùn, kí ọ̀pá dé ilẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Ọwọ́ yín á ru lára ẹrù tí orúnkún ń rù. Kí ẹ sì wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀: eégbọn wà nínú koríko wọn, ó lè kó àìsàn ranni. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara yín wò lẹ́yìn orúnkún àti abíyá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ yín mú yín gba inú pápá lọ sí Upper Booth nìkan. Kò gùn, kò sí òkè kan gbòógì. Ọjọ́ tí ẹ bá lágbára, ẹ gòkè lọ sí Hollins Cross, kí ẹ sọ̀ sí Castleton ní òdì kejì. Ọ̀nà yẹn ló wọ̀ mí lára jù lọ. Kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Edale, orí òkè yẹn ni wọ́n ń gbé òkú wọn gbà lọ sin ní Hope. Léjìká! Nínú yìnyín! Mo dúró lórí rẹ̀, mo rántí bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi àgbà láti oko wálé kí wọ́n lè sin ín sí ilé tirẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́fà ń pààrọ̀ èjìká. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún. Mo ní atẹ́gùn ni.

Kinder Scout gangan, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. Ó ga ní 636 mítà, òkè rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, àbàtà dúdú ni, kùrukùru á kàn bò yín lójijì, ẹ ò sì ní mọ iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ mú fèrè dání. Fífọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó túmọ̀ sí pé ẹ ń fẹ́ ìrànwọ́. 999 ni nọ́ńbà, ọlọ́pàá lẹ máa béèrè, kí ẹ ní kí wọ́n pe àwọn tó ń gbani lórí òkè. Àwọn yẹn kì í gbowó.


Ọmọ_Ọ̀fà_Sheffield

Màmá sọ̀rọ̀ Kinder, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún Tísà. Orí òkè yẹn ni ọ̀rọ̀ olè tí bàbá yín sọ ti di ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́lá ló ni ín, wọ́n ń fi í pamọ́ fún ìbọn yíyìn sí ẹyẹ kan tó jọ àparò. Ní 24 oṣù kẹrin 1932, bí irínwó èèyàn, òṣìṣẹ́ Manchester ló pọ̀ jù nínú wọn, jáde láti Hayfield ní ìhà kejì, wọ́n gun òkè náà lójú mọmọ, àwọn aṣọ́gbó wọ̀yá ìjà pẹ̀lú wọn. Wọ́n mú mẹ́fà, márùn-ún ṣẹ̀wọ̀n, oṣù méjì sí mẹ́fà. Benny Rothman tó ṣáájú wọn, ọmọ 20 ọdún ni, oṣù mẹ́rin ni wọ́n jù fún un. Agbègbè yẹn ló di ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ wọn ní 1951. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 wá jẹ́ kí a lè rìn káàkiri orí irú òkè bẹ́ẹ̀ láìtẹ̀ lé ojú ọ̀nà pàápàá.

Nítorí náà bí ẹ bá débẹ̀, ẹ pariwo ẹ kú oko yín. Wọ́n ti san án.


Tísà_Fẹ̀yìntì (Táńkẹ̀, Ìlọrin)

Mo ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, mo tún kà á láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrántí ìyá àgbà.

Mo pe ọmọ mi. Mo ní kí ni èèyàn ń sọ bó bá rí olóko lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní "Morning", olóko á sì gbé orí sókè díẹ̀. Mo ní ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn? Ó ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó dáa. Màá ké tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan, kí àgùntàn gbọ́.

Mo ti ra bàtà náà. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nílé kó tó dọ́hùn-ún, kó má bó mi lẹ́sẹ̀, nítorí náà mò ń wọ̀ ọ́ rìn ní Táńkẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn Àsùbáà. Àná, ọmọ kan tó ń ta àkàrà bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti wọ iṣẹ́ ṣọ́jà ni?" Gìgísẹ̀ òsì ti bó díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ni mò ń wá báyìí, èyí tó jẹ́ irun àgùntàn gidi. Mo wá a dé Ọjà Ọba, ti àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kó jáde fún mi. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Ìlọrin?